Àwọn Ọ̀dọ́ Tí Wọ́n Dá Ilé-Ìwé Sílẹ̀ Nígbà Tí Àwọn Àgbà Ń Bẹ̀rù Ìwé

 

Ní ọjọ́ Sátidé kan báyìí, mo béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ àwọn ọmọ ilé kéwú àdúgbò wa. Wọ́n lé ní ogún, ó sì lé ní ìdajì wọn tí ó jẹ́ pé ilé-ìwé tí wọ́n kọ Ansar-Ud-Deen sí ara ògiri rẹ̀ ni wọ́n ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀. Mo ní, "Ta ni ó dá ilé-ìwé yín sílẹ̀?" Ọ̀kan ní gómìnà ni. Òmíràn ní àwọn Lárúbáwá kan ni wọ́n ti Sáúdí wá kọ́ ọ. Ọmọbìnrin kan tí ó máa ń yára dáhùn ní, "Àwọn bàbá Alájì ni, sà." Mo ní ọmọ ọdún mélòó ni àwọn bàbá Alájì náà nígbà yẹn? Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Lójú tiwọn, bàbá Alájì kò ṣe ọ̀dọ́ rí. Tòun ti irùngbọ̀n funfun ni wọ́n bí i.

N kò bá wọn wí, nítorí ẹ̀bi àwa òbí ni. Bí a bá ń ṣe wáàsí fún àwọn ọ̀dọ́ wa, a máa ń sọ fún wọn pé àwọn ni aṣáájú ọ̀la, a ó sì dákẹ́ síbẹ̀, bí ẹni pé kò sí ohun tí wọ́n lè fi òní ṣe. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ìtàn àwọn tí kò dúró de ọ̀la ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹ̀yin òbí, ẹ kà á sí wọn létí.

Ẹ jẹ́ kí á padà sẹ́yìn díẹ̀. Ọdún 1861 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Ìsìláàmù ti wà nínú ìlú náà kí wọ́n tó dé, nígbà tí ọ̀rúndún yẹn sì fi ń parí lọ, àwọn Mùsùlùmí pọ̀ ní Èkó ju àwọn Kìrìtẹ́ẹ́nì lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ilé-ìwé wà. Wọ́n ti dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní ọdún 1859. Ọdún 1878 ni Methodist Boys' High School tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ di akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò Òyìnbó, ẹni tí ó bá fẹ́ di lọ́yà tàbí dókítà lọ́jọ́ iwájú, ẹnu ọ̀nà kan náà ni yóò gbà wọlé.

Ẹnu ọ̀nà ọ̀hún kò sì ṣí lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ Mùsùlùmí tí ó bá wọ ilé-ìwé míṣọ́n yóò kọ́ Bíbélì mọ́ ìṣirò, wọn yóò kó o lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ rẹ̀ pàápàá lè yí padà. Ọmọ tí ó jáde nílé ní Sulaimọ́nù lè di Solomon kí oòrùn tó kan àtàrí. Yúsúfù á di Joseph, Mùsá á di Moses. Orúkọ àwọn Ànábì kan náà ni, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà bá fi máa dàgbà, àṣàmù bá dé, kò ní bá bàbá rẹ̀ jí sààrì mọ́.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn baba wa fi sá fún ilé-ìwé. Ìyá bàbá tèmi, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, a máa sọ pé òun kò lè fi owó òun ra kèfèrí sínú ilé. Mo ti gbọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ òde òní máa fi irú àwọn arúgbó bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, pé wọ́n gọ̀. Wọn kò gọ̀. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ń ṣẹlẹ̀ lójú wọn lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe aláìmọ̀wé pátápátá, nítorí ọmọ tí ó bá ti wàláà dé Alùkùráánì mọ kíkà, ó mọ kíkọ, àwọn ààfáà mìíràn a sì máa fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìjọba kì í fi Lárúbáwá kọ lẹ́tà sí ènìyàn. Mùsùlùmí tí ó ní ilẹ̀, tí ó ní ilé, tí ọjà kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, bí ìwé ilé-ẹjọ́ bá dé bá a, àfi kí ó wá ọmọ ẹlòmíràn kiri tí yóò bá a kà á. Ẹni tí yóò sì kà á fún un, ohun tí ó bá wù ú ni yóò sọ pé ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn kan kọ́kọ́ gbìyànjú láti tú okùn yìí. Ní oṣù July ọdún 1894 ni wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Ṣítà-Béè ní Èkó. Muhammad Shitta, oníṣòwò ńlá tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Sàró nínú ìdílé Yorùbá, ni ó náwó sí i. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bùràsílì padà wá, ni ọ̀gá àwọn tí wọ́n kọ́ ọ. Gómìnà Carter wà níbi ìṣílé náà. Abdullah Quilliam, Gẹ̀ẹ́sì ará ìlú Liverpool tí ó gba Ìsìláàmù, sì wá ṣojú Súlútánì ilẹ̀ Tọ́kì, ó bá Shitta mú oyè "Béè" wá. Àwọn ènìyàn máa ń rántí oyè náà dáadáa, wọ́n a sì máa gbàgbé ọ̀rọ̀ tí ó bá oyè rìn: wọ́n gba àwọn Mùsùlùmí Èkó níyànjú pé kí wọ́n má fi ẹ̀kọ́ ìwé sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1896, ìjọba ṣí ilé-ìwé kan fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó. Edward Blyden, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀ dúdú tí ó gbọ́ Lárúbáwá bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Kìrìtẹ́ẹ́nì ni, ni ó bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ títí tí ọkàn wọn fi balẹ̀. Idris Animashaun sì ni ọ̀gá ilé-ìwé náà. Ìjọba ṣí irú rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní ọdún 1898, àti ní Àgbádárìgì ní 1899. Ó dára, ṣùgbọ́n ilé-ìwé mẹ́ta ni, ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ni. Ti ìjọba sì ni, kì í ṣe ti Mùsùlùmí fúnra wọn.

Ẹ wá wo bí Èkó ṣe rí nígbà tí ọ̀rọ̀ wa yìí fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1915 ni owó omi ẹ̀rọ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí. Ìjọba ní kí àwọn ará ìlú máa san owó omi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ̀, Lẹ́mọ́mù Àgbà kò bá wọn kọ̀. Bí wọ́n ṣe pín sí méjì nìyẹn, Ẹgbẹ́ Lẹ́mọ́mù lápá kan, Ẹgbẹ́ Jàmọ́ọ̀ lápá kejì. Ìjà omi di ìjà mọ́ṣáláṣí, ó wọ ọ̀rọ̀ oyè, ó sì wọ inú ẹbí. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí àgbà parí, àwọn àgbà gan-an ni wọ́n wà nídìí rẹ̀, ó sì pẹ́ gan-an kí ó tó tán nílẹ̀.

Inú irú Èkó bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan, tí wọ́n lé díẹ̀ ní ogójì, ti péjọ ní ọjọ́ 21 oṣù December ọdún 1923. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ọ̀dọ́ tí wọ́n ti fojú kan ìwé ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tí ìwé ń ṣe fún ènìyàn, wọ́n sì mọ ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ọmọ Mùsùlùmí. Wọ́n lè bá ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ méjèèjì jà. Wọ́n tún lè jókòó sí ìdí ògiri kí wọ́n máa sọ pé àwọn àgbà ti ba nǹkan jẹ́, iṣẹ́ tí kò ṣòro fún ọ̀dọ́ ìgbà kankan. Ẹgbẹ́ ni wọ́n dá sílẹ̀. Wọ́n pè é ní Young Ansar-Ud-Deen Society, ìyẹn Ẹgbẹ́ Àwọn Ọ̀dọ́ Olùrànlọ́wọ́ Ẹ̀sìn.

Kí ẹ má ṣe gba orúkọ yìí kọjá wàràwàrà. Àwọn Ánsárì ni àwọn ará Màdínà tí wọ́n gba Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sílé nígbà tí àwọn ará Mẹ́kà lé e. Ṣùgbọ́n kí Màdínà tó di ilé Ìsìláàmù, ọ̀dọ́ kan ni ó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Mus'ab ọmọ 'Umayr ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ olówó ni ní Mẹ́kà. Bí ó bá ń kọjá lọ, lọ́fínńdà ara rẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó gba Ìsìláàmù, ìyá rẹ̀ tì í mọ́lé, gbogbo ọrọ̀ náà sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 621, àwọn ọkùnrin méjìlá láti Màdínà wá bá Ànábì ṣe àdéhùn ní Àkàbà, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún àwọn ní ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ní Alùkùráánì. Kò yan àgbà kankan. Mus'ab ni ó rán. Ó dé sí ilé As'ad ọmọ Zurarah, ó ń kọ́ni láti agboolé dé agboolé. Sa'd ọmọ Mu'adh àti Usayd ọmọ Hudayr, tí wọ́n jẹ́ aṣáájú láàárín ìdílé wọn, wá bá a pẹ̀lú ìbínú pé kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ó ní kí wọ́n jókòó ná, kí wọ́n gbọ́, bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn òun yóò dákẹ́. Wọ́n jókòó. Àwọn méjèèjì ló gba ẹ̀sìn. Nígbà tí ọdún yípo, àwọn tí wọ́n lé ní àádọ́rin ni wọ́n padà wá sí Àkàbà, obìnrin méjì sì wà nínú wọn. Nígbà tí Mus'ab kú sójú ogun Uhud ní ọdún 625, aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi sin ín kò gùn tó o: bí wọ́n bá fi bo orí, ẹsẹ̀ á yọ, bí wọ́n bá fi bo ẹsẹ̀, orí á yọ.

Olùkọ́ ni Mus'ab. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an náà ni àwọn ọmọ Èkó yìí gbé ka iwájú: kí ọmọ Mùsùlùmí kàwé láì sọ ẹ̀sìn rẹ̀ nù, kí wọ́n sì fọ àwọn àṣà tí kò sí nínú Ìsìláàmù kúrò nínú rẹ̀.

Ọdún 1929 ni wọ́n tó ṣí ilé-ìwé wọn àkọ́kọ́, ní Alákòró, ní Èkó. Ẹ ka iye ọdún tí ó wà láàárín rẹ̀. Ẹgbẹ́ mélòó ni àwa ti dá sílẹ̀ rí, tí a fi ṣe àǹkóò, tí a pín ipò ààrẹ àti akápò, tí kò pé ọdún kejì tí ó tú ká? Ilé-ìwé dídá sílẹ̀ nígbà náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtara lásán. Ní ọdún 1926, ìjọba ṣe òfin ẹ̀kọ́ tuntun: olùkọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ó tó kọ́ ọmọ, ilé-ìwé tí kò bá sì kún ojú òṣùwọ̀n, ìjọba lè tì í pa. Àwọn míṣọ́nnárì ní olùkọ́, wọ́n ní owó láti òkè òkun, wọ́n sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ìgbà pípẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ yìí ní láti wá ilẹ̀, kí wọ́n wá owó, kí wọ́n wá olùkọ́ tí ó ní ìwé ẹ̀rí, nígbà tí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n bí ojú láàárín Mùsùlùmí. Wọ́n tún ní láti lọ bá ìyá tí ó ń bẹ̀rù, kí wọ́n sọ fún un pé Sulaimọ́nù tí ó bá wọlé láàárọ̀, Sulaimọ́nù náà ni yóò jáde ní ọ̀sán. Mo rò pé ìyẹn ni ó le jù nínú gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí ilé-ìwé Alákòró dúró, ọ̀rọ̀ náà kò sí lẹ́nu mọ́, ó ti wà lójú. Ẹ̀ka ẹgbẹ́ náà tàn dé ìlú púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá àti kọjá ibẹ̀, ilé-ìwé sì ń bá ẹ̀ka rìn. Àwọn olùdásílẹ̀ náà dàgbà, irun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, wọ́n sì yọ "Young" kúrò lára orúkọ ẹgbẹ́. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Àwọn ẹlòmíràn náà kò sùn: ẹgbẹ́ Nawair-ud-Deen bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1939, Ansarul Islam ní Ìlọrin ní 1942 láti ọwọ́ Sheikh Kamaldeen Al-Adabi. Ní 1952, Sheikh Adam Abdullah Al-Ilory bẹ̀rẹ̀ Markaz, tí ó padà gbé lọ sí Agége, ó sì fi pátákó, àga àti kíláàsì kọ́ Lárúbáwá, kí ọmọ kéwú náà lè ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù January ọdún 1955, ilé-ìwé Mùsùlùmí ti wà nílẹ̀ tí ọmọ lè wọ̀ láì pa orúkọ dà.

Bí mo bá fi àwọn obìnrin sílẹ̀, àwọn ìyá wa kò ní gbà fún mi, wọn kò sì jẹ̀bi. Alhaja Humuani Alága ti Ìbàdàn kò jókòó ní kíláàsì rí. Ọjà ni ó fi ṣe ilé-ìwé, ó sì di aṣáájú láàárín àwọn obìnrin oníṣòwò. Nígbà tí ó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ obìnrin sí ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọn kò gbà á nítorí pé Mùsùlùmí ni. Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìbínú lásán. Òun àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Isabatudeen sílẹ̀ ní 1958, nígbà tí ó sì di 1964, ilé-ẹ̀kọ́ girama àwọn ọmọbìnrin Isabatudeen ti ṣí ilẹ̀kùn ní Ìbàdàn. Ẹni tí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀ lára pátákó ni ó gbé pátákó ró fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Èkó, nítorí ó ku àwọn ọ̀dọ́ kan tí wọ́n kéré ju ti 1923 lọ. Ní ọdún 1954, àwọn ọmọ Mùsùlùmí ti wà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ńláńlá ní Èkó, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n wà níbẹ̀, bí iyọ̀ tí wọ́n wọ́n sínú ọbẹ̀ olóbẹ̀. Ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó dá wà láàárín ọgọ́rùn-ún ọmọ, ojú á máa tì í láti tẹ́ ẹní kí ó kírun. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí fúnra wọn ni wọ́n ránṣẹ́ sí ara wọn láti ilé-ìwé kan sí èkejì, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí MSS, ní ọjọ́ 18 oṣù April ọdún 1954. Bí ẹ bá wo kàlẹ́ńdà ọdún náà, ẹ ó rí i pé ọjọ́ Ọdún Àjíǹde àwọn Kìrìtẹ́ẹ́nì gan-an ni.

Abdul-Lateef Adegbite, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó wà ní King's College, ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni. Ó padà di lọ́yà, ó ṣe kọmíṣọ́nà ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn, láti ọdún 1988 títí tí ó fi kú ní 2012 ni ó sì fi jẹ́ akọ̀wé àgbà fún ìgbìmọ̀ gíga tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù ní Nàìjíríà. Àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí ipò wọ̀nyí. Èmi rò pé iṣẹ́ tí ó ṣe nígbà tí ó ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù ni ó tóbi jù. Ẹgbẹ́ náà dé àwọn yunifásítì, ó dé àwọn ìlú tí àwọn tí wọ́n péjọ lọ́jọ́ yẹn kò dé rí, ọmọ tí ó bá sì wọ ilé-ìwé lónìí tí ó rí ibi tí wọ́n ń kírun, ó lè ṣàì mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ béèrè fún un.

Ọmọ tí ó ní gómìnà ni ó kọ́ ilé-ìwé òun kò tilẹ̀ jẹ̀bi tán. Láàárín 1970 sí 1980 ni ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́sìn, ti Mùsùlùmí àti ti Kìrìtẹ́ẹ́nì. Orúkọ kù lára ògiri, ìtàn sì tẹ̀ lé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lọ sí sàréè. Ní ẹ̀ka ẹgbẹ́ kan tí mo mọ̀, ìwé tí wọ́n ti ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé láti ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú àpótí pákó kan. Nígbà tí mo lọ béèrè rẹ̀, wọ́n ní ikán ti jẹ apá kan, wọ́n sì ti kó ìyókù fún alákàrà. Mo dúró fún ìgbà díẹ̀, n kò mọ ohun tí mo lè sọ.

Mo sọ gbogbo ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kéwú náà ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin tí ó máa ń yára dáhùn béèrè pé ta ni òun lè bi léèrè nípa ilé-ìwé tiwọn gan-an. Mo juwe ilé bàbá kan fún un, ẹni tí ó wà nínú àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé náà. Òun àti àwọn méjì mìíràn mú ìwé àjákọ lọ. Wọ́n lọ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ìgbà tí ladaáǹì pe Mọ̀gáríbì ni wọ́n tó jáde, ìwé àjákọ kan sì ti kún. Bàbá náà ní kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, pé òun kò tíì dé orí ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ru bíríkì.